Ètò Ọ̀rọ̀ Sísọ àti Sinimá Àwọn Júù Tó Ṣí Wá sí Lọ́ńdọ̀nù: Àwọn Ìbéèrè Tí Ẹ Ń Bi Mí Ṣáá

Ìbéèrè kan náà lẹ ń bi mí lójoojúmọ́, mo wá kó gbogbo ẹ̀ jọ síbí, látorí èyí tó rọrùn dórí èyí tó gba sùúrù.

Irú ètò wo là ń sọ gan-an?

Oríṣi méjì ni. Àkọ́kọ́, ẹnì kan á sọ̀rọ̀ fún bíi wákàtí kan lórí bí àwọn Júù ṣe ṣí wá sílùú ọba, ó lè jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, ó sì lè jẹ́ ìyá àgbà kan tó ń sọ bí bàbá ẹ̀ ṣe ń rán kóòtù ní Whitechapel, ní ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, tó bá parí àwọn èèyàn á béèrè ìbéèrè. Ìkejì, wọ́n á fi fíìmù hàn, tí fíìmù bá tán, ẹni tó ṣe é tàbí ẹni tó mọ ìtàn ẹ̀ dáadáa á jókòó síwájú, gbogbo ilé á jọ sọ ọ́.

Èmi fẹ́ràn ti ìyá àgbà ju ti ọ̀jọ̀gbọ́n lọ.

Ṣé Júù nìkan ló lè wọlé?

Rárá o. Ẹni tó bá ti ra tíkẹ́ẹ̀tì tàbí tó forúkọ sílẹ̀ ló ni àga ẹ̀. Ẹni tó jókòó tì yín lè béèrè pé kí ló gbé yín wá, kì í ṣe pé ó ń wádìí yín o, inú ẹ̀ ló dùn pé ẹlòmíì bìkítà nípa ìtàn wọn, ẹ dá a lóhùn bẹ́ ẹ ṣe máa dá aládùúgbò lóhùn.

Ṣé ìsìn ni? Ṣé wọ́n máa gbàdúrà lé mi lórí?

Kì í ṣe ìsìn. Kò sí àdúrà, kò sí ìyìn àti ìjọsìn, wọn ò ní gbé igbá ọrẹ wá síwájú yín. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tẹ́ ẹ máa bá níbẹ̀ kì í lọ sínágọ́gù rárá, àwọn kan tiẹ̀ máa sọ fún yín lójúkojú pé àwọn ò gba Ọlọ́run gbọ́, síbẹ̀ Júù ni wọ́n, torí ọ̀rọ̀ ìran ni bó ṣe jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Èyí máa ń ya àwọn èèyàn wa lẹ́nu gan-an, torí inú Bíbélì nìkan la ti mọ Júù.

Ìgbà wo gan-an ni wọ́n dé Lọ́ńdọ̀nù?

Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ máa ń ṣe bíi pé gbogbo ayé ti mọ apá yìí, ẹ kà á kẹ́ ẹ tó lọ. Ọba Edward Kìíní lé gbogbo Júù kúrò ní England ní 1290, ó di ayé Oliver Cromwell, tó ń ṣàkóso ilẹ̀ náà, ní 1656, kí wọ́n tó tún ráyè gbé ibẹ̀ ní gbangba. Àwọn tí ìran wọn wá láti Sípéènì àti Pọtogí, ìyẹn àwọn Sephardim, ló kọ́kọ́ dé, ọ̀pọ̀ wọn gba Amsterdam kọjá. Àwọn ló kọ́ sínágọ́gù Bevis Marks tí wọ́n ṣí ní 1701, wọ́n ṣì ń jọ́sìn níbẹ̀ dòní.

Àmọ́ èyí tí ètò wọ̀nyí máa ń dá lé jù ni àwọn tó wá láti Rọ́ṣíà àti Poland. Ní 1881 wọ́n pa ọba Rọ́ṣíà, Alexander Kejì, làwọn jàǹdùkú bá bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ àdúgbò àwọn Júù, wọ́n ń fọ́ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń sun ilé, òfin tuntun sì tún wá fún wọn lọ́rùn. Láàárín ìgbà yẹn sí 1914, àwọn tó wá fìdí kalẹ̀ ní Bìrìtéènì lé ní 100,000. Ọ̀pọ̀ rọ́ lọ sí Whitechapel àti Spitalfields torí ibi tí wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ò jìnnà síbẹ̀, ìbátan tàbí ará ìlú wọn sì ti ṣáájú wọn débẹ̀. Ilé kan wà ní Leman Street tó ń jẹ́ Jews' Temporary Shelter, ibẹ̀ lẹni tí ò mọ ẹnì kankan ti máa ń rí ibi sùn àti oúnjẹ fún ọjọ́ mélòó kan. Iṣẹ́ aṣọ rírán, bàtà ṣíṣe àti iṣẹ́ káfíńtà ni púpọ̀ nínú wọn ń ṣe, nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ ò ráyè wọ̀.

Ní 1905 ìjọba ṣe Aliens Act, òfin tó fún òṣìṣẹ́ etí omi láṣẹ láti dá tálákà àti aláìsàn padà. Ẹ̀yin tí Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ físà, ti fojú yín rí màbo, bàbá ńlá gbogbo ẹ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí làwọn tó sá fún Hitler dé láti Jámánì, Austria àti Czechoslovakia. Àwọn míì tún dé láti Íjíbítì lẹ́yìn ogun Suez ní 1956, láti Iraq, láti Aden ní Yemen, láti Iran lẹ́yìn 1979. Àwọn wọ̀nyí kì í fẹ́ kí wọ́n gbàgbé àwọn, òótọ́ ni wọ́n sì ń sọ, torí tí wọ́n bá ti pe Júù Lọ́ńdọ̀nù báyìí, Whitechapel ló máa ń wá sọ́kàn gbogbo èèyàn.

Ibo ni wọ́n ti ń ṣe é?

Ibi pọ̀. Wiener Holocaust Library wà ní Russell Square. Alfred Wiener, Júù ará Jámánì, ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé ẹ̀ jọ ní Amsterdam ní 1933 kó tó gbé e wá sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1939, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ máa ń jinlẹ̀. JW3 wà ní Finchley Road, ó ṣí ní 2013, ó ní sinimá tiẹ̀ nínú ilé, tẹ́ ẹ bá fẹ́ fíìmù ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. UK Jewish Film Festival bẹ̀rẹ̀ ní Brighton ní 1997, Lọ́ńdọ̀nù ló wá di ojúbọ ẹ̀ báyìí, ìgbà tí òtútù bá ń wọlé bọ̀ ni wọ́n sábà máa ń ṣe é. Jewish Book Week ti wà láti 1952. Jewish Historical Society of England ti wà láti 1893, ti àwọn ọ̀mọ̀wé nìyẹn, ẹ sùn dáadáa kẹ́ ẹ tó lọ. Tó bá jẹ́ ìtàn East End, ìyẹn ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, gan-an lẹ fẹ́, ẹ wá Jewish East End Celebration Society, tó bá sì jẹ́ ti àwọn tó wá láti ilẹ̀ Lárúbáwá àti Iran, Harif ni.

Ẹ má tẹ̀ lé ìwé ìpolówó àtijọ́ lọ sí Jewish Museum ní Camden o, wọ́n ti ti ilé yẹn pa láti 2023.

Ẹ máa kíyè sí i pé ìtàn wà ní ìlà oòrùn, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ètò wà ní àríwá. Ọmọ àwọn aránṣọ rówó, wọ́n kó lọ sí Golders Green, Hendon, Edgware, àwọn míì gba Ilford lọ. Sínágọ́gù Sandys Row nítòsí Liverpool Street, tí àwọn Júù ará Netherlands dá sílẹ̀ ní 1854, wà lára ìwọ̀nba díẹ̀ tó ṣẹ́ kù ní àdúgbò yẹn, tẹ́ ẹ bá rí ètò kankan níbẹ̀ ẹ tètè gba àyè torí ibẹ̀ ò tóbi.

Èló ni?

Látorí ọ̀fẹ́ dórí iye tẹ́ ẹ máa ń san ní sinimá. Akẹ́kọ̀ọ́ àti àgbàlagbà máa ń san dín. Àwọn kan máa ń gbé ètò sórí Zoom náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Manchester tàbí Ìbàdàn lè wò ó látibẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n ń yẹ báàgì wò bíi ti éápọ́ọ̀tù?

Torí wọ́n ti rí nǹkan. Àjọ kan wà tó ń jẹ́ Community Security Trust, CST làwọn èèyàn ń pè é, iṣẹ́ ẹ̀ ni láti dáàbò bo sínágọ́gù, ilé ìwé àti ìpàdé àwọn Júù, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló pọ̀ níbẹ̀. Ẹ máa rí ẹnì kan lẹ́nu ọ̀nà tó máa bi yín ní orúkọ, tó máa wo báàgì, nígbà míì wọn ò ní sọ ibi tí ètò wà gan-an àfi tẹ́ ẹ bá ti gba tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ tí orúkọ ẹ̀ bá ti tíkẹ́ẹ̀tì mu. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń forúkọ Yorùbá ra nǹkan, tórúkọ òyìnbó wá wà lórí láísẹ́ǹsì, ẹ gbọ́ o.

Mo mọ̀ pé tí wọ́n bá dá èèyàn dúdú dúró lẹ́nu ọ̀nà ní ìlú yìí, ara èèyàn máa ń gbóná. Ẹ dúró ná, kẹ́ ẹ wò ó bóyá wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹni tó wà lẹ́yìn yín, wọ́n sábà máa ń ṣe é.

Mo máa ń pẹ́ díẹ̀, ṣé mo ṣì lè wọlé?

Ẹ fi African time sílẹ̀ nílé. Tí ọ̀rọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n lè ti ìlẹ̀kùn, ẹni tó ń ṣọ́nà á ti wọlé, ẹ ò ní rẹ́ni ṣí i fún yín. Ẹ má sì dúró sí àárín ìlà àga, wọ́n máa lé yín kúrò níbẹ̀. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní January 1887: níbi eré orí ìtàgé kan ní Yiddish, èdè àwọn Júù tó wá láti Rọ́ṣíà àti Poland, nítòsí Brick Lane, ẹnì kan ṣàdédé pariwo pé iná ń jó, iná kankan ò sì jó, àmọ́ èèyàn 17 kú níbi tí wọ́n ti ń fún ara wọn mọ́lẹ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà.

Ọjọ́ wo ni kí n má wulẹ̀ wá?

Ọjọ́ ìsinmi wọn bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá wọ̀ ní Fúráìdè, ó sì parí nígbà tílẹ̀ bá ṣú ní Sátidé. Ní December ó lè bẹ̀rẹ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, ní June ó lè tó aago mẹ́wàá alẹ́ Sátidé kọjá kó tó parí. Ìdí nìyẹn tí fíìmù alẹ́ Sátidé fi wà nígbà òtútù, tẹ́ ẹ bá wá a nígbà ooru ẹ ò ní rí i. Sọ́ńdè ni ọjọ́ tó dáa jù, ó sì máa ń kọlu ìsìn yín, ìyẹn ẹ̀yin àti pásítọ̀ yín ni.

Láàárín September sí October, àjọ̀dún wọn máa ń to ara wọn lẹ́yìn, ọdún tuntun, Ọjọ́ Ètùtù, Àjọ Àgọ́, ètò máa ń dákẹ́. Nígbà Ìrékọjá náà bẹ́ẹ̀ ni.

Kí ni mo máa wọ̀?

Aṣọ tẹ́ ẹ máa wọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ ti tó. Tó bá jẹ́ inú sínágọ́gù ni ètò wà, ọkùnrin máa bo orí, wọ́n máa ń ní fìlà pẹlẹbẹ kékeré kan lẹ́nu ọ̀nà, fìlà abẹtí ajá yín náà á ṣe é. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ dákun, gèlè ńlá ò bá sinimá mu, ẹni tó wà lẹ́yìn yín náà sanwó.

Ṣé mo lè gbé oúnjẹ dání?

Ẹ má gbé e. Òfin oúnjẹ wọn le, ọ̀pọ̀ ẹ̀ wà nínú Lefitiku tẹ́ ẹ máa ń kà: kò sí ẹlẹ́dẹ̀, kò sí edé, kò sí alákàn, wọn kì í jẹ ẹran pa pọ̀ mọ́ wàrà. Kì í ṣe gbogbo Júù ló ń pa á mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn ń pa á mọ́. Jọ̀ọ́fù tí wọ́n fi edé sè, ẹ jẹ ẹ́ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Tí wọ́n bá gbé bisikíìtì àti tíì kalẹ̀, ẹ jẹ ẹ́, ẹ má dì í sínú báàgì.

Èdè wo ni wọ́n ń sọ?

Gẹ̀ẹ́sì ni. Yiddish lèdè tí àwọn ará Rọ́ṣíà àti Poland gbé wá, ó jọ èdè Jámánì, ọ̀rọ̀ Hébérù àti ti Poland pọ̀ nínú ẹ̀, lẹ́tà Hébérù ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Àwọn tó bá ń sọ̀rọ̀ máa ń jù ú sínú Gẹ̀ẹ́sì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin nìkan ò ní rẹ́rìn-ín, ẹ má bínú, ọmọ ọmọ wọn tó jókòó síbẹ̀ náà ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ọ.

Irú fíìmù wo ni?

Fíìmù tuntun láti Ísírẹ́lì, Faransé, Argentina. Fíìmù àkọsílẹ̀ nípa ìdílé kan tàbí àdúgbò kan. Èyí tí mo máa ní kẹ́ ẹ má pàdánù ni fíìmù Yiddish àtijọ́, èyí tí wọ́n ṣe ní Poland àti Amẹ́ríkà láàárín ogun méjèèjì. Òmíràn nínú wọn, Warsaw ni wọ́n ti yà á ní 1937, ọdún méjì péré ló kù kí ogun bẹ̀rẹ̀, àwọn ojú tẹ́ ẹ ń rí, ọjà, ìgbéyàwó, àwọn ọmọdé, ẹ̀yin mọ ohun tó ń bọ̀, wọn ò mọ̀. Àkọlé Gẹ̀ẹ́sì máa ń wà nísàlẹ̀.

Ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, wọ́n kọ́ tíátà Yiddish ńlá kan sí Commercial Road ní 1912 fún opera àti eré gidi, owó tán láàárín oṣù díẹ̀, ni ilé náà bá di sinimá tí wọ́n ń pè ní Palaseum.

Ṣé gbogbo ẹ̀ ni Holocaust? Mi ò fẹ́ sunkún lójoojúmọ́.

Rárá. Ọ̀rọ̀ Holocaust, ìyẹn bí ìjọba Hitler ṣe pa àwọn Júù nípakúpa, máa ń pọ̀ ní ìparí January, torí 27 January 1945 ni wọ́n tú àwọn tó wà ní Auschwitz, àgọ́ ìpànìyàn Hitler, sílẹ̀, ọjọ́ yẹn sì ni ìrántí ní ìlú yìí. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ máa gbọ́ nípa àwọn abẹ̀ṣẹ́ bíi Ted Kid Lewis, ọmọ East End tó gba àmì ẹ̀yẹ ayé, ẹ máa gbọ́ nípa ìyanṣẹ́lódì àwọn aránṣọ, nípa oúnjẹ, nípa Cable Street. Ti Cable Street yìí, 4 October 1936 ni, Oswald Mosley, olórí àwọn fasíìsì ilẹ̀ Bìrìtéènì, fẹ́ kó àwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ tó ń wọ aṣọ dúdú gba àárín àdúgbò àwọn Júù kọjá, ọlọ́pàá ń lànà fún un, làwọn Júù, àwọn Irish tó ń ṣiṣẹ́ ní etí omi àtàwọn kọ́múníìsì bá dí ojú ọ̀nà pa, Mosley ò kọjá. Àwòrán ńlá ẹ̀ wà lára ògiri níbẹ̀, ẹ lè lọ wò ó lọ́fẹ̀ẹ́.

Gẹ́gẹ́ bí ọmọ Yorùbá, kí ló kàn mí níbẹ̀?

Ó kàn yín ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Àwọn èèyàn yẹn débí, kí wọ́n tó mọ Gẹ̀ẹ́sì wọ́n ti dá ẹgbẹ́ ọmọ ìlú sílẹ̀, ará ìlú kan náà ní Poland ń dáwó jọ, wọ́n ń yá ara wọn, wọ́n ń sin òkú ara wọn. Àwa náà ní ẹgbẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, ọmọ Èkìtì, àjọ ń lọ, èèyàn ń kó o. Wọ́n sì ń bínú pé ọmọ ò gbọ́ èdè. Ẹ sọ fún mi èwo ló ṣàjèjì níbẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni ti Kindertransport. Láti December 1938 títí ogun fi bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí ọmọ 10,000, tí púpọ̀ jẹ́ Júù, ni wọ́n kó wá sílùú yìí láìsí òbí, wọ́n pín wọn sílé àwọn àjèjì, ọ̀pọ̀ ò tún fojú kan òbí wọn mọ́. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò lépa ẹ̀mí wa, ìwé làwọn òbí wa ń kà, iṣẹ́ sì ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n fi sọ́dọ̀ àwọn òyìnbó ní Kent àti Sussex láàárín 1950 sí 1970 ó lé wà láàárín wa, wọ́n ti dàgbà báyìí. Tí ẹni àádọ́rùn-ún ọdún bá jókòó síwájú tó ń sọ bí èdè abínibí ẹ̀ ṣe kúrò lẹ́nu ẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀, wọ́n mọ ohun tó ń sọ.

Ìgbà wo ni irú ìpàdé báyìí bẹ̀rẹ̀ láàárín wọn?

Ó ti pẹ́. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí méjìlá, mẹ́rìnlá lójúmọ́ ṣì ń lọ gbọ́ ọ̀rọ̀ lálẹ́. Ilé ìkàwé Whitechapel tí wọ́n ṣí ní 1892 kún fún ìwé Yiddish, wọ́n ń pè é ní yunifásítì àwọn tálákà àdúgbò.

Ẹni tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni Rudolf Rocker. Ará Jámánì ni, kì í ṣe Júù rárá. Ó dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1895, ó kọ́ Yiddish, ó sì di olóòtú ìwé ìròyìn àwọn òṣìṣẹ́ Júù, Arbeter Fraynt. Ní 1906 wọ́n ṣí ilé ẹgbẹ́ kan ní Jubilee Street, gbọ̀ngàn ńlá, ilé ìkàwé, kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ lórí ìtàn, lítíréṣọ̀, sáyẹ́ǹsì, ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ náà lè wọlé jókòó. Nígbà tí àwọn aránṣọ Júù yanṣẹ́ lódì ní 1912, òun ló wà níwájú. Ní 1914 ogun dé, wọ́n tì í mọ́lé torí pé ará Jámánì ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí bóyá àjèjì lè jókòó láàárín wọn, ìdáhùn wà ní Jubilee Street.

Àwọn Júù Stamford Hill tó wà ládùúgbò wa, kí ló dé tí mi ò rí wọn níbẹ̀?

Àwọn Hasidim nìyẹn, àwọn Júù tó rọ̀ mọ́ ẹ̀sìn gan-an, tó ń wọ kóòtù dúdú gígùn. Púpọ̀ nínú wọn kì í wo fíìmù, wọn kì í wo tẹlifíṣọ̀n, ọkùnrin àti obìnrin kì í jókòó pa pọ̀ níbi ìpàdé. Yiddish ṣì ni wọ́n ń bá ọmọ wọn sọ nílé. Torí náà ẹ má fi ohun tẹ́ ẹ gbọ́ ní Finchley Road dá wọn lẹ́jọ́, ẹ má sì fi ìṣe tiwọn dá àwọn ti Finchley Road lẹ́jọ́.

Ṣé mo lè béèrè ìbéèrè?

Ẹ béèrè, ṣùgbọ́n kó jẹ́ ìbéèrè. Kí ẹ má dìde kí ẹ kọ́kọ́ kí olóyè, kí ẹ kí olùdásílẹ̀, kí ẹ wá sọ ìtàn tiyín fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àwọn Júù náà ní irú èèyàn bẹ́ẹ̀ láàárín wọn, ó pọ̀ sha, gbogbo ilé á sì máa mí kanlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Ísírẹ́lì àti Palestine ńkọ́?

Tí ètò bá dá lé e, ẹ sọ ohun tó wà lọ́kàn yín. Tó bá jẹ́ ti aránṣọ Whitechapel, ẹ má fà á wọlé, kò yẹ kí ìyá àgbà ọmọ Stepney máa jíhìn fún ìjọba ilẹ̀ mìíràn. Àwọn fúnra wọn ò sì fohùn ṣọ̀kan lórí ẹ̀, ẹ lè bá ara yín láàárín ìjà ẹbí.

Pásítọ̀ mi ní kí n fi àǹfààní yẹn wàásù.

Ẹ má dán an wò. Wọ́n ti rí i rí. Ilé kan wà ní Brick Lane, ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Huguenot, ìyẹn àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì tó sá wá láti Faransé, ni tẹ́lẹ̀, wọ́n kọ́ ọ ní 1743. Ní 1809 ẹgbẹ́ kan gba ibẹ̀ torí kí wọ́n lè sọ àwọn Júù di onígbàgbọ́, ọdún mẹ́wàá ni wọ́n lò, àwọn Júù tí wọ́n rí mú ò tó nǹkan. Àwọn Methodist gbà á, nígbà tó di 1898 àwọn Júù fúnra wọn sọ ọ́ di sínágọ́gù. Láti 1976 mọ́ṣáláṣí ni.

Ṣé mo lè sọ fún wọn pé àwa Yorùbá náà ti Ísírẹ́lì wá?

Ìbéèrè yìí ló pọ̀ jù. Mo mọ̀ pé wọ́n ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo mọ̀ pé ó wà lórí YouTube. Samuel Johnson tó kọ ìtàn Yorùbá, ìwé tó jáde ní 1921, sọ ìtàn Mẹ́kà, ó sì fẹ́ràn ọ̀nà Íjíbítì òkè, Ísírẹ́lì kọ́ ló fi parí ẹ̀. Ilé Ifẹ̀ tó wa, èmi ò rí ìdí tá a fi ń wá bàbá kiri.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ ọ́ ṣá, ẹ dúró dìgbà tí wọ́n bá ń mu tíì, kẹ́ ẹ sọ ọ́ bí ìtàn tí àwọn kan ń sọ nílé, ẹ má gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn kẹ́ ẹ kéde ẹ̀ bí ẹ̀rí.

Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sọ bí wọ́n ṣe pa ìyá ẹ̀. Ṣé kí n lọ kí i? Ṣé mo lè ya fọ́tò?

Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó ya ohunkóhun, ibòmíràn ò gbà rárá, ẹ má sì gbé ojú ẹ̀ sórí TikTok.

Ẹ lọ kí i, àmọ́ ẹ má ṣe é ní gígùn, ẹ má dì mọ́ ọn láìjẹ́ pé ó na ọwọ́ sí yín, torí àwọn kan láàárín àwọn ẹlẹ́sìn kì í bọ ọkùnrin tàbí obìnrin àjèjì lọ́wọ́. Ẹ dúpẹ́ pé ó sọ ọ́. Ẹ máa gbọ́ kí àwọn Júù Lọ́ńdọ̀nù máa kí ẹni tí èèyàn ẹ̀ kú pé àwọn fẹ́ kó pẹ́ láyé, ẹ̀yin náà lè sọ bẹ́ẹ̀, bí ẹni ń kí ará ilé ẹni.